Ààyè Aago Mẹ́wàá

Oṣù mẹ́rin gbáko ni nọ́ọ̀sì náà fi jà kó tó rí ààyè kan péré ní ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, tí aago mẹ́wàá lù, ẹlòmíràn ló jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹlòmíràn ló tẹ̀ka, ẹlòmíràn ni wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ẹlòmíràn ló fọwọ́ sí ìwé. Nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún fojú kàn án láti ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú.

Ohun tó wà nínú bébà tí akọ̀wé tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì náà gbé síwájú ọlọ́pàá obìnrin kan láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àgọ́ ń pe obìnrin yìí. Ó gùn, ó tín-ínrín, ọ̀rọ̀ ò pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ibi tí ọ̀bẹ ò bá ti lè wọ̀, òun a gba ibẹ̀ kọjá, a sì fa okùn dání. Ó ka bébà náà lẹ́ẹ̀mejì. Sájẹ́ǹtì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Wọ́n fagi lé ààyè nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́," ni akọ̀wé wí. "Ìṣẹ́jú yẹn kan náà ni ẹni kejì mú un."

"Ṣé oríire ni?"

Akọ̀wé na ọwọ́ sí gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Àwọn èèyàn kún orí àga onírin, fáìlì ní àyà kálukú bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Wọ́n ti kọ ọ́ sára gíláàsì gàdàgbà pé: KÒ SÍ ÀÀYÈ.

"Aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé la máa ń ṣí i, mà. Kí n tó mu omi ife kan tán, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Tọ̀sán-tòru ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ń ṣọ́ ọ, bóyá ẹnì kan á ju tiẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ju ààyè sílẹ̀, àárín ajá ló ju ẹran sí. Kí ẹnì kan pàtó tó lè rí i gbé, ó ní láti mọ ìṣẹ́jú tí wọ́n máa jù ú."

"Kí lèèyàn nílò láti fi fagi lé e?"

"Nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà, yóò dáhùn ìbéèrè àṣírí tó yàn fúnra rẹ̀. Ti nọ́ọ̀sì ni: kí ni ìyá rẹ ń pè ọ́ nígbà tí o wà ní kékeré? Ẹni tó dáhùn lọ́jọ́ Àìkú ò ṣì í. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló kọ ọ́."

"Kí ló kọ?"

"Ọ̀kẹ́rẹ́."

Abẹ́rẹ́ ká bébà náà sí mẹ́rin, ó fi í sápò. Ara rẹ̀ ò lélẹ̀. Ẹni tí fóònù ọmọbìnrin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ọmọbìnrin náà gan-an wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹtì rèé. Ó ti di ọjọ́ kẹfà.

*

Sájẹ́ǹtì ti ní ẹni tirẹ̀ lọ́kàn. Abẹ́ igi tó dojú kọ géètì ọ́fíìsì náà ni onítọ̀hún ń jókòó sí, Tètèdé ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Fóònù mẹ́fà ló tò sórí àpótí bí ẹni tó pàtẹ ẹyin. Ààyè ló ń tà.

"Nọ́ọ̀sì kan bá ọ jà lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn," ni Abẹ́rẹ́ wí.

"Ó bá mi jà kẹ̀? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí ni, mà. Ó ní èmi ni mo ń gbé gbogbo ààyè mì bí òjòlá. Ó yà mí ní fọ́tò, ó tún kọ̀wé fẹjọ́ mi sùn."

"Ìwọ náà sọ fún un pé kò ní fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ láyé," ni Sájẹ́ǹtì já lu ọ̀rọ̀ náà. "Èèyàn mẹ́ta ló gbọ́."

Tètèdé ju ọwọ́ nù. "Ẹnu lásán ni. Bí ẹnu mi bá ń pa èèyàn, ta ni ì bá ṣẹ́ kù nílùú yìí?"

"Níbo lo wà lọ́jọ́ Àìkú, aago mẹ́rin ààbọ̀?"

Ọkùnrin náà wo Sájẹ́ǹtì, ó wo Abẹ́rẹ́, ó wá fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ọ̀dọ̀ yín náà ni mo wà, mà. Àgọ́ yín tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ló tì mí mọ́lé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta títí di àárọ̀ Ajé. Ìwé tí nọ́ọ̀sì yẹn kọ ló gbé mi débẹ̀. Orí tábìlì ọ̀gá yín làwọn fóònù mi sùn sí, gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

Sájẹ́ǹtì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó pe àgọ́ náà. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ ti fà ro. Òótọ́ ni.

Abẹ́rẹ́ ò bínú. Ó fa àpótí kan, ó jókòó. "Ìwọ lo mọ iṣẹ́ yìí. Bí o bá fẹ́ gba ààyè lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn, báwo lo ṣe ń ṣe é?"

"Àwa méjì la máa jókòó, fóònù lọ́wọ́ kálukú. Ọ̀kan á jù ú, èkejì á hán an. Ṣùgbọ́n òru la ń ṣe é, nígbà tí ojú bá ti dín lára rẹ̀. Ẹni tó bá dán an wò ní aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọ̀gbẹ̀rì ni. Orí ló bá a ṣe é."

"Kí ló lè mú ọ̀gbẹ̀rì kó ara rẹ̀ sí irú wàhálà bẹ́ẹ̀? Kí ló dé tí kò fi ààyè náà sílẹ̀ kó bàjẹ́ síbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, mà." Tètèdé ronú díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fún èèyàn ní ààyè lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú yìí, ẹ bá mi wo ọwọ́ rẹ̀ kejì, kí ẹ mọ ohun tó fi pa mọ́ síbẹ̀."

*

Agbẹ̀bí kan ló jókòó sórí àga nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ilé ìwòsàn kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Wọ́n bá a nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń ká aṣọ ibùsùn sí, òórùn ọṣẹ àti ti oògùn kún ibẹ̀.

"Orúkọ rẹ ló wà lórí ààyè aago mẹ́wàá," ni Abẹ́rẹ́ wí.

Ọwọ́ agbẹ̀bí dúró lórí aṣọ tó ń ká. "Òun ló fún mi."

"Lójúkojú?"

"Rárá, mà. Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù mi."

"Ọ̀gá nọ́ọ̀sì bi gbogbo yín léèrè rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó tún bi yín lọ́jọ́rú. O ò sọ nǹkan kan."

Omi lé ròrò sójú agbẹ̀bí. "Èmi ni mo yẹ kí n sìn ín débẹ̀, a ti jọ sọ ọ́. Ọdún kejì rèé tí èmi náà ti ń wá ààyè, mà. Ọkọ mi ń bẹ lókè òkun. Inú fóònù nìkan ni ọmọ mi ti mọ bàbá rẹ̀; ó máa ń fi ẹnu ko fóònù yẹn lẹ́nu kó tó sùn. Nígbà tí mo rí àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn, mo rò ó pé bí mo bá bi í ní ìbéèrè púpọ̀, ọkàn rẹ̀ lè yí padà. Nígbà tó sì di pé wọn ò rí i, ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á gbà á padà lọ́wọ́ mi."

"Ẹni tí ebi ń pa kì í bi ẹni tó gbé oúnjẹ fún un pé níbo lo ti rí i," ni Abẹ́rẹ́ wí jẹ́jẹ́. "Mú fóònù náà wá."

Ó kà á sókè kí Sájẹ́ǹtì lè gbọ́. "Ẹ kú ọjọ́ Àìkú o. Mi ò lọ mọ́. Mo ti pinnu láti dúró ti Màmá. Ẹ jókòó ti fóònù yín ní aago mẹ́rin ààbọ̀, mo máa ju ààyè mi sílẹ̀ kí ẹ lè mú un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí, mo fẹ́ sinmi."

"Báwo ni ìwọ àtòun ṣe máa ń bá ara yín sọ̀rọ̀?"

"Bí ọ̀rẹ́ ni, mà. Ọjọ́ kan náà la wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì."

"Ṣé ẹ máa ń fi ọ̀wọ̀ pe ara yín?"

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu agbẹ̀bí. "Àwa? Èébú ló fi ń jí mi láràárọ̀."

Abẹ́rẹ́ yí ojú fóònù sí i. "Ka ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀."

"Ẹ kú..." Ó dúró. Ojú rẹ̀ sáré dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀jíṣẹ́ náà, ó tún padà sókè. Ẹ jókòó. Fóònù yín. Ẹ má pè mí. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀. "Kì í ṣe òun," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì jáde tán. "Mo kà á ju ogún ìgbà lọ, mà. Mi ò rí i."

"O ò fẹ́ rí i ni. Ṣé o mọ orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é ní kékeré?"

"Rárá. Mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé ó ní ọ̀kan."

*

Nínú ọkọ̀, Sájẹ́ǹtì di ìdarí mú ṣùgbọ́n kò tíì tan ẹ́ńjìnnì.

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ yìí ò yé mi. Bó bá jẹ́ pé ẹnì kan ò fẹ́ kí nọ́ọ̀sì rin ìrìn àjò, ó ti mú un mọ́lẹ̀ báyẹn. Kí ló tún wá fi ààyè ṣe?"

"Ta ló máa dúró dè é ní géètì lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun?"

"Agbẹ̀bí."

"Bí agbẹ̀bí bá dúró títí aago mẹ́wàá kọjá, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ti fi oṣù mẹ́rin wá ààyè ò yọjú, kí ló máa ṣe?"

"Á pariwo. Kí ọ̀sán tó pọ́n, á ti wà lágọ̀ọ́ wa."

"Ìdí rẹ̀ nìyẹn. Egungun ni wọ́n jù sí ajá kó má baà gbó. Ó sì ṣiṣẹ́, ó dákẹ́ fún odidi ọjọ́ márùn-ún." Abẹ́rẹ́ ń wo ọ̀nà iwájú. "Ẹni tó jù ú mọ̀ nípa agbẹ̀bí, ṣùgbọ́n kò bá wọn jókòó rí. Kò mọ̀ pé èébú ni wọ́n fi ń kí ara wọn. Síbẹ̀ ó mọ Ọ̀kẹ́rẹ́, ó sì kọ ọ́ láìṣiyèméjì."

"Ìyá nìkan ló lè mọ ìyẹn. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu ìyá láti ọdún tó kọjá."

"Ẹni tí wọ́n jọ mu ọmú kan náà ńkọ́?"

Sájẹ́ǹtì yíjú sí i. "Ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ọ̀gá, òun ló wá fẹjọ́ sùn. Ó sunkún sórí tábìlì wa."

"Ìgbà wo ló wá fẹjọ́ sùn?"

"Ọjọ́bọ̀."

"Ìgbà wo ni ilé ìwòsàn rán èèyàn lọ wá nọ́ọ̀sì dé ilé rẹ̀?"

Sájẹ́ǹtì ṣírò ọjọ́ náà. Ọjọ́bọ̀ kan náà ni, láàárọ̀. Ó tan ẹ́ńjìnnì.

*

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n nọ́ọ̀sì. Òun àti ìyá wọn ló ń gbé ilé tó kẹ́yìn àdúgbò náà, ibi iṣẹ́ rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilé. Láti ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ń gbọ́ ayùn rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, ayùn dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó wá ṣí i. Ìyẹ̀fun pákó bo irun rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹni tí oorun ti kọ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ti rí i?"

"A ò tíì rí i," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí n kí Màmá."

Kò rí bí ó ṣe máa kọ̀ ọ́. Ó ṣáájú wọn wọ yàrá. Òórùn ìtọ̀ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá arúgbó náà dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ibi tí ara rẹ̀ fi kan ibùsùn ti pọ́n. Ife omi wà lórí àga, ó jìnnà sí ọwọ́ òsì tó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó hàn gbangba pé ẹni tó máa ń yí i padà ò wá láti ọjọ́ mélòó kan.

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀, ó kí i, ó gbé omi náà sí i lẹ́nu. Ìyá mu ún bí ilẹ̀ gbígbẹ.

"Ọjọ́ Àìkú ni nọ́ọ̀sì wá gbẹ̀yìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ó wẹ Màmá tán, ó sì lọ ní ọ̀sán. Mo ti sọ ọ́ lágọ̀ọ́."

"Kí ni Màmá máa ń pè é nígbà tó wà ní kékeré?"

"Orúkọ rẹ̀ náà ni."

"Kò ní òmíràn?"

"Kò ní."

Ìdáhùn náà ti yá jù. Abẹ́rẹ́ ò wò ó mọ́. Ó tẹ̀ mọ́ ìyá arúgbó, ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀rọ̀, ó gbé ohùn sókè tó fi kọjá ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

"Màmá, Ọ̀kẹ́rẹ́ ńkọ́? Níbo ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wà?"

Ojú ìyá là. Ó wo Abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ó yí ẹyinjú lọ sí ara ògiri ẹ̀yìn ibùsùn, ó fi í síbẹ̀. Omijé kan ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti rọ. Yàrá náà pa lọ́lọ́. Sájẹ́ǹtì ti fẹ́ sọ̀rọ̀, Abẹ́rẹ́ gbé ọwọ́ sókè.

Gbì.

Ó dà bí ìgbà tí gìgísẹ̀ bá kan pákó. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà, gbì, gbì.

"Eku ni," ni káfíńtà wí. "Eku pọ̀ láàárín àwọn pákó mi."

"Eku kì í dáhùn nígbà tí wọ́n bá pe ọ̀kẹ́rẹ́," ni Abẹ́rẹ́ wí, ó sì dìde.

Wọ́n gba ẹ̀yìn jáde. Pákó ni wọ́n fi dí ògiri ibi iṣẹ́ náà láti ilẹ̀ dókè. Sájẹ́ǹtì bẹ̀rẹ̀ sí í wó wọn lulẹ̀, ilẹ̀kùn titun kan sì yọ lẹ́yìn wọn pẹ̀lú àgádágodo. Káfíńtà ò sá. Ó jókòó sórí ilẹ̀ láàárín ìyẹ̀fun pákó, ó na kọ́kọ́rọ́ sí wọn láìgbójú sókè.

Orí àpò òfìfo méjì ni nọ́ọ̀sì wà. Okùn tí wọ́n fi ń di pákó ló wà lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ rẹ̀, aṣọ dí i lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ irun ìpàkọ́ rẹ̀. Búrẹ́dì tí wọ́n bù jẹ díẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ike oògùn oorun Màmá. Ojú rẹ̀ là, ṣùgbọ́n kò dá wọn mọ̀. Sájẹ́ǹtì tú u, ó gbé e jáde bí ẹni gbé ẹyin.

Abẹ́rẹ́ dúró lẹ́yìn. Ó ti rí ohun tí káfíńtà ń rẹ́ nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn. Orí tábìlì iṣẹ́ ni ó wà, ó kù díẹ̀ kó parí: àpótí gígùn kan, ó fẹ̀ ní èjìká, ó tín ní ẹsẹ̀.

"Ta lo ń kan èyí fún?"

"Màmá," ni káfíńtà wí. "Ẹ rí i bí ó ṣe wà."

Abẹ́rẹ́ fi ìka wọn àpótí náà láti orí dé ẹsẹ̀, kò yára. "Màmá kúrú. Àpótí yìí gùn."

Ọkùnrin náà yí ojú kúrò lára àpótí náà.

"Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, ta ló máa wẹ Màmá, ta ló máa yí i padà? Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe, gbogbo ìgbà tí mo bá fọwọ́ kàn án ló ń dùn ún. Ó ní òun ti ṣe ojúṣe ọmọ fún ọdún méjìlá, pé ó ti kàn mí. Ó yí ẹ̀yìn sí mi. Mo tì í. Ó fi orí ṣánlẹ̀, kò mira." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Nígbà tó jí, mo ti tì í mọ́lé. Mo kàn fẹ́ kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá ni. Nígbà tó wá kọjá, mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣí ilẹ̀kùn yẹn mọ́."

"Lo bá gbé pákó."

Ó na ọwọ́ méjèèjì fún ẹ̀wọ̀n.

*

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Abẹ́rẹ́ dé ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ti jókòó, wọ́n ti fi báńdéèjì wé e lórí. Ohun tó kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta ló wà lọ́dọ̀ Màmá?"

"Ìsàlẹ̀ níbí ló wà. Wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti fi oògùn sí ẹ̀yìn rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́?"

"Ọ̀dọ̀ wa ló wà."

Ó mi orí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ níbi tí okùn ti jẹ wọ́n. "Ìṣẹ́gun ti kọjá."

"Ó ti kọjá."

"Ta ló mú ààyè mi?"

Abẹ́rẹ́ wo ẹnu ọ̀nà. Agbẹ̀bí ló ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìdajì wákàtí, abọ́ omi gbígbóná lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè wọlé, kò sì lè padà. Nọ́ọ̀sì tẹ̀lé ojú Abẹ́rẹ́, ó sì rí i. Wọ́n wo ara wọn.

"Ṣé fọ́tò rẹ dára?" ni nọ́ọ̀sì bi í.

Agbẹ̀bí gbé abọ́ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ síbi tó dúró sí. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Kò ní òun dárí jì í. Ó kàn yí ojú sí fèrèsé.

"Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi lókè òkun, wọn ò ní dúró dè mí kọjá ìparí oṣù," ló wí níkẹyìn. "Aago mẹ́fà òwúrọ̀ Ajé, wàá jókòó tì mí níbí. Wàá mú fóònù kejì dání. O ò ní sinmi, o ò ní mu omi, títí a ó fi rí i."

"Màá ṣe é," ni agbẹ̀bí wí láti ilẹ̀.

Abẹ́rẹ́ jáde, ó rọra pa ilẹ̀kùn dé. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà, kàlẹ́ńdà kan wà lára ògiri. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó sì kà á. Ajé méjì péré ló kù.